Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Agbo Òkúta Àtijọ́ Nínú Ìtàn Ẹnu àti Iṣẹ́ Ọnà Ẹ̀sìn

Ìbéèrè lórí àwọn òkúta àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú àpótí wa lóṣù yìí. Òkúta ìnàró ni a ń pe òkúta gígùn tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́lẹ̀ rì mọ́lẹ̀ lóòró. Tí wọ́n bá to púpọ̀ rẹ̀ yípo, agbo òkúta nìyẹn. Ìbéèrè tó gba àlàyé, a ṣàlàyé rẹ̀. Èyí tí kò gbà á, a ò fà á gùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo gbọ́ pé ìwé àtijọ́ kan sọ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó òkúta Stonehenge, agbo òkúta kan ní gúúsù England, wá. Ṣé òótọ́ ni, àbí ẹnì kan kàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? (Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn)

ÈSÌ: Ìwé náà wà, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Geoffrey, ará Monmouth, ló kọ ọ́ ní èdè Látìn ní nǹkan bí ọdún 1136. Ó ní ọba Britain, Aurelius Ambrosius, ń wá ohun ìrántí tí yóò gbé kalẹ̀ fún àwọn ìjòyè tí àwọn ọ̀tá wọn, àwọn Saxon, fi ẹ̀tàn pa. Merlin aríran ní kí ọba ránṣẹ́ lọ gbé “Agbo Ijó Àwọn Òmìrán” wá láti orí òkè Killaraus ní Ireland. Ó ṣàlàyé pé àwọn òmìrán ìgbà ìwáṣẹ̀ ló kó òkúta náà wá síbẹ̀ láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí oògùn ni wọ́n. Tí ara ẹnì kan ò bá yá, wọ́n á da omi sórí òkúta, wọ́n á gbe omi náà, aláìsàn á sì fi wẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ọba débẹ̀, wọ́n fa okùn, wọ́n gbé àkàbà, òkúta ò mira. Merlin fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọgbọ́n tirẹ̀ tú àwọn òkúta náà sílẹ̀ wẹ́rẹ́.

Àròsọ ni o. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ṣe kòńgẹ́ òótọ́. Àwọn òkúta kéékèèké tó wà ní Stonehenge, èyí tí wọ́n ń pè ní òkúta búlúù, òkè Preseli ní ìwọ̀-oòrùn Wales ni wọ́n ti wá, ìrìn tó ju 200 kìlómítà lọ. Apá ibi tí oòrùn ń wọ̀ náà ni Ireland wà. Bóyá ìrántí ìrìn àjò yẹn ló kù sẹ́nu àwọn ènìyàn, bóyá Geoffrey kàn ta á bá ni. Àwa ò ní fi orí wa dógò lé e lórí, nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún àti ààbọ̀ ló wà láàárín òun àti àwọn tó kọ́ ọ.

Àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n ń pè ní sarsen kò ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá. Bí a ṣe mọ̀ jẹ́ ohun tó dùn gbọ́. Lọ́dún 1958, wọ́n lu ihò sínú ọ̀kan tó ti sán kí wọ́n lè fi irin dè é. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ náà mú òkúta rébété tó jáde láti inú ihò yẹn lọ sílé, ó sì pa á mọ́ fún ọgọ́ta ọdún kó tó dá a padà ní 2018. Inú òkúta tí òjò àti oòrùn ò kàn rí nìyẹn. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi wé òkúta oríṣiríṣi àdúgbò, èsì sì jáde ní 2020: igbó West Woods, nǹkan bí 25 kìlómítà sí àríwá Stonehenge. Òkúta kan ṣoṣo ló wá da gbogbo àkáǹtì rú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Òkúta Pẹpẹ, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 6, ìwádìí 2024 fi hàn pé apá ìlà-oòrùn àríwá Scotland ló ti wá, ó kéré tán 750 kìlómítà. Geoffrey ò tiẹ̀ ronú kan Scotland.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé irú òkúta bẹ́ẹ̀ nàró láìsí ẹ̀rọ? Àwọn wo ló ń wó, kí sì nìdí? (Bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì)

ÈSÌ: Ẹ jẹ́ ká dúró sórí Stonehenge, nítorí wọ́n ti hú ibẹ̀ wò dáadáa. Àwọn sarsen wọ̀nyí dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 2500 ṣáájú ìbí Kristi. Opó kan tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 25. Èyí tó tóbi jù lé ní 30. Òkúta líle roboto ni wọ́n fi lu ojú rẹ̀ títí tó fi tẹ́jú, ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n sì fi gbẹ́ ihò.

Ihò yìí ní ọgbọ́n nínú. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ òkúta ń gbà yọ́ wọlé. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i dúró ṣánṣán, wọ́n sì to igi mọ́ ọn lára, nítorí ilẹ̀ ẹfun ni ilẹ̀ ibẹ̀: tí òkúta bá já lù ú, yóò ya. Bí ẹsẹ̀ bá ti wọ ihò, okùn ni wọ́n fi ń fa orí rẹ̀ dìde. Ìgbà náà ni wọ́n á dí ihò kíá. Ẹfun fífọ́, òkúta wẹ́wẹ́, títí kan òkúta tí wọ́n fi lu ojú rẹ̀ tó ti gbó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kì bọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń wó o kò ju kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má rì tó. Ẹ wo opó méjì tó ga jù níbẹ̀. Àwọn akọ́lé fẹ́ kí orí méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n òkúta kan gùn ju èkejì lọ. Wọ́n rì èyí tó gùn sísàlẹ̀ bíi mítà 2.4, èyí tó kúrú kò gbà ju bíi mítà 1.2 lọ. Wọ́n fi ìdí ńlá sílẹ̀ fún un bí ẹsẹ̀ kí ó lè dúró, síbẹ̀ ó ṣubú, ó kán sí méjì, orí Òkúta Pẹpẹ ló sì sùn sí títí di òní. Èkejì rẹ̀ dúró, àmọ́ ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an. 1901 ni wọ́n tó nà án tọ́. Òkúta mẹ́ta mìíràn wó lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Kìíní 1797 nígbà tí yìnyín yọ́ lójijì tí ilẹ̀ rọ̀. Wọ́n gbé wọn dìde ní 1958.

Ti àtẹ́rígbà, ìyẹn òkúta tó dùbúlẹ̀ lórí opó méjì, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n fi òkúta ṣe. Wọ́n fi ṣóńṣó sílẹ̀ lórí opó, wọ́n gbẹ́ ihò sí abẹ́ àtẹ́rígbà, ọ̀kan sì wọ inú èkejì. Níbi tí àtẹ́rígbà méjì ti pàdé, etí ọ̀kan yọ ahọ́n, etí èkejì ní kòtò tó gbà á. Wọ́n tún gbẹ́ àtẹ́rígbà náà kí ó tẹ̀ díẹ̀, kí ó lè tẹ̀lé ìyípo agbo. Ẹni tó bá ti kan àga onígi rí yóò mọ iṣẹ́ yẹn lójú ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tó jẹ́ pé níbi gbogbo tí agbo òkúta wà ní Britain, wọ́n á ní ènìyàn ló di òkúta? (Ìyá Ẹlẹ́kọ̀ọ́-Ìsinmi)

ÈSÌ: Ẹ fojú inú wo agbo ijó, ìyá wa: ènìyàn tò yípo, wọ́n kọjú sí àárín, onílù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá wo Merry Maidens ní Cornwall. Òkúta 19 ló dúró yípo nínú pápá koríko, kò sí èyí tó ga ju ènìyàn lọ. Òkúta gàgàrà méjì sì dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ìtàn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ara rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọge ni wọ́n jó lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n di òkúta. Afunfèrè méjì tó ń fun fèrè fún wọn ki eré mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìjìyà lé wọn bá. Orúkọ ibẹ̀ ní èdè Cornwall ni Dans Maen, ijó òkúta. Maen ni òkúta. Kò ṣòro kí etí tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan gbọ́ “maiden”, wúńdíá, nínú rẹ̀.

Èyí tó wọni lára jù ni ti Stanton Drew ní Somerset. Ìyàwó ń ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé, ijó wọra. Nígbà tí òru ku díẹ̀ kó di Sunday, olórin ní òun ò ṣeré mọ́. Ìyàwó fìbínú sọ pé òun á wá ẹlòmíràn, bó jẹ́ ọ̀run àpáàdì ni òun á ti mú un wá. Kò pẹ́, bàbá arúgbó kan yọ pẹ̀lú góòjé lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń yára sí i, ẹsẹ̀ wọn ò lè dúró mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkúta ni gbogbo wọn. Sátánì ni bàbá náà. Agbo ńlá ibẹ̀ fẹ̀ tó mítà 113, agbo Avebury, tí òun náà wà ní gúúsù England, nìkan ló jù ú lọ. Lọ́dún 1997 tí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wò láìgbẹ́ ẹ, wọ́n rí àmì kòtò tí wọ́n ti ri òpó igi sí, ìyípo lórí ìyípo, mẹ́sàn-án. Igi ti kún ibẹ̀ rí, ó ti jẹrà lọ, ìtàn ìyàwó ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ìtàn tó bá ń fi ìyà jẹ ẹni tó jó lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tó ń bẹ̀rù òfin ọjọ́ Ìsinmi ló lè pa á, ìwàásù lórí òfin yẹn sì gbóná jù ní England láàárín ọdún 1600 sí 1700. Ọjọ́ orí apàtàn ló wà nínú ìtàn náà. Ní Callanish lórí erékùṣù Lewis ní Scotland, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ni tiwọn, kì í ṣe ti ọjọ́ Ìsinmi: òmìrán tó kọ̀ láti gba ẹ̀sìn Kristi ni wọ́n ní ẹni mímọ́ kan sọ di òkúta.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọn Druid ló kọ́ Stonehenge? (Olùkàwé)

ÈSÌ: Rárá. Àwọn ará Róòmù ló kọ̀wé nípa Druid, ìyẹn àwọn àlùfáà ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Britain àti Gaul, nígbà ayé Julius Caesar, nǹkan bí 50 ṣáájú ìbí Kristi. Òkúta náà ti lo ẹgbẹ̀rún méjì ọdún nígbà náà. John Aubrey, olùwádìí ohun àtijọ́, dá àbá yẹn ní ọ̀rúndún 17, William Stukeley, tí òun náà ń wádìí ohun àtijọ́, sì gbé e gẹṣin aáyán nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1740. Àtìgbà náà ni kò ti sọ̀kalẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ayàwòrán ni mí. Wọ́n ní kí n ya agbo òkúta sí iwájú ìwé kan. Àṣìṣe wo ni kí n sá fún?

ÈSÌ: Àkọ́kọ́, àtẹ́rígbà. Nínú gbogbo agbo òkúta tó wà ní Britain àti Ireland, Stonehenge nìkan ló ní i. Tí ìwé náà bá jẹ́ ti Avebury tàbí Callanish, òkúta lásán ni kẹ́ ẹ yà, kò gbọdọ̀ sí nǹkan lórí rẹ̀.

Ìkejì, ìwọ̀n. Opó agbo ìta Stonehenge ga tó bíi mítà 4 lókè ilẹ̀, nítorí náà orí àgbàlagbà kò dé ìdajì rẹ̀. Ayàwòrán kì í sábà tẹ̀lé èyí. Ẹni tó ya Stonehenge sínú ìwé àfọwọ́kọ kan ní ọ̀rúndún 14, èyí tó wà ní British Library lónìí, ya òmìrán tó ń fi ọwọ́ gbé àtẹ́rígbà sórí opó bí ẹni ń gbé àga. Àwòrán Stonehenge tó pẹ́ jù tí a mọ̀ nìyẹn, àṣìṣe rẹ̀ sì bá ìtàn rẹ̀ mu, nítorí òmìrán ló ń sọ nípa rẹ̀. William Blake, akéwì tó tún jẹ́ ayàwòrán, ṣe òdìkejì: nínú ìwé ewì alàwòrán rẹ̀ nípa Jerúsálẹ́mù, ó ya opó méjì àti àtẹ́rígbà tó ga gàgàrà, ènìyàn mẹ́ta wá dà bí èèrà lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀sìn tó ń tẹni mọ́lẹ̀ ṣeé fojú rí. Tẹ́ ẹ bá mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń purọ́ ìwọ̀n, ẹ máa yà á lọ. Ohun tó burú ni kó jẹ́ pé ẹ ò mọ̀.

Ìkẹta, oòrùn. Lọ́jọ́ tí ọ̀sán gùn jù, ìlà-oòrùn àríwá ni oòrùn ti ń yọ níbẹ̀, lápá ibi tí òkúta kan tí wọ́n ń pè ní Heel Stone dá dúró sí lẹ́yìn agbo. Lọ́jọ́ tí ọ̀sán kúrú jù, ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló ń wọ̀ sí. Oòrùn tó rọra bọ́ sáàárín opó yòówù tó wuni, àwòrán káàdì lásán ni.

Turner àti Constable, ayàwòrán ilẹ̀ England méjì, lo ojú ọ̀run dípò oòrùn. Nínú ti Turner, mànàmáná ti pa darandaran àti àgùntàn rẹ̀, ajá nìkan ló ń hu. Constable, tó gbé tirẹ̀ jáde ní 1836, ya òṣùmàrè méjì lórí òkúta tó ti wó. Àwọn méjèèjì kì í ṣe àlùfáà, ṣùgbọ́n ìwàásù kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kó tó parí: ẹ má fín ọnà wínníwínní sára òkúta Stonehenge. Ohun tó wà lára wọn ni àwòrán orí àáké, tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, àti ọ̀bẹ díẹ̀. Wọn ò hàn gbangba. 1953 ni wọ́n tó fojú rí àkọ́kọ́ nínú wọn nígbà tí oòrùn tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọnà tó ń yí bí ìkarahun ìgbín, ara òkúta pupa Long Meg ní Cumbria ni kẹ́ ẹ ti lọ wò ó. Tó bá sì jẹ́ ojú ènìyàn lẹ fẹ́, àwọn òkúta Ikom lágbègbè Cross River ni tiyín: nǹkan bí 300, wọ́n gbẹ́ ojú, ẹnu, irùngbọ̀n àti ìdodo sí wọn, ọ̀pọ̀ sì tò yípo tí wọ́n ń wo ara wọn.

ÌBÉÈRÈ: Bíbélì kórìíra òkúta bíbọ. Báwo ni ìjọ ṣe wá ń fi irú òkúta yìí sílẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì? (Díákónì)

ÈSÌ: Bíbélì fúnra rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì lórí èyí. Jákọ́bù gbé òkúta tó fi ṣe ìrọ̀rí nàró ní Bẹ́tẹ́lì, ó da òróró lé e (Jẹ́nẹ́sísì 28). Jóṣúà gbé òkúta 12 láti inú Jọ́dánì kalẹ̀ ní Gílígálì kí ọmọ lè bi bàbá léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ Diutarónómì 16:22 ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀wọ̀n tí Ọlọ́run kórìíra nàró.

Ohun tí ìjọ ṣe náà kò dọ́gba. Ní 601, Póòpù Gregory kọ̀wé sí àwọn míṣọ́nnárì rẹ̀ ní England pé kí wọ́n fọ́ òrìṣà, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wọ́n omi mímọ́ sí i, kí wọ́n sì lò ó. Ní Rudston, Yorkshire, òkúta ìnàró tó ga jù ní Britain, mítà 7.6, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wá bá a níbẹ̀. Ní Saint-Uzec, Brittany ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n gbẹ́ àgbélébùú sí orí òkúta ìnàró kan ní ọ̀rúndún 17, wọ́n sì fín àwọn ohun èlò ìjìyà Jésù sí i lára. Ní Carnac, tó ní òkúta tó ju 3,000 lọ tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà, ìtàn ìjọ gbà á tán: ọmọ ogun Róòmù ni wọ́n, ẹni mímọ́ Cornély ni wọ́n ń lé, ó bojú wẹ̀yìn, ó sọ wọ́n di òkúta ní títò. Òun ni alábòójútó màlúù níbẹ̀, màlúù méjì ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère rẹ̀ lára ṣọ́ọ̀ṣì.

Avebury ló jìyà. Ní ọ̀rúndún 14, àwọn ará abúlé gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, wọ́n bì í sínú rẹ̀, wọ́n sin ín. Lọ́dún 1938, awalẹ̀pìtàn Alexander Keiller hú ọ̀kan, egungun ọkùnrin kan wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú owó fàdákà, sísọ́ọ̀sì àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bíi ti onígbàjámọ̀. Kíákíá ni ìtàn ti délẹ̀: òkúta ló wó pa onígbàjámọ̀ tó ń bá wọn gbẹ́ kòtò! Ọdún bíi ọgọ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún egungun náà yẹ̀ wò, wọn ò rí àmì pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ ò rí i pé àwọn onímọ̀ náà ń pa àlọ́.

Sísin ṣì sàn. Láti ìparí ọ̀rúndún 17, wọ́n ń fọ́ ọ kọ́lé. Wọ́n á ti òkúta sínú kòtò, wọ́n á dáná koríko gbígbẹ sí i títí yóò fi gbóná janjan, wọ́n á da omi tútù ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ gba orí rẹ̀, wọ́n á sì fi òòlù ńlá lu ojú ìlà náà. Ojú ibẹ̀ yóò sún kì nígbà tí ìyókù ṣì wú, yóò sì là. Stukeley dúró wò wọ́n, ó sì ya àwòrán rẹ̀. Òpó kọnkéré kúkúrú tí Keiller rì sílẹ̀ ló ń tọ́ka ibi tí àwọn òkúta náà wà rí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni agbo òkúta wà ni? (Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀)

ÈSÌ: Ó ti o. Láàárín Senegal àti Gambia, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Gambia, ibi tó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, lórí ilẹ̀ tó gùn tó 350 kìlómítà. UNESCO kọ mẹ́rin nínú àkójọ wọn sínú ìwé ní 2006: Sine Ngayène, Wanar, Wassu àti Kerbatch. Ibojì ni wọ́n, wọ́n sì ń kọ́ ọ títí di ọ̀rúndún 16.

Òkúta yangí ni wọ́n lò, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wà. Yangí rọ̀ nígbà tó bá ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀; tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, yóò gan. Nítorí náà inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fi irin gbẹ́ ẹ yọ. Agbo kan ní opó 8 sí 14, gíga wọn á máa tó mítà 2, òmíràn wúwo tó tọ́ọ̀nù 7, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ní Wassu, àwọn àlejò a máa to òkúta wẹ́wẹ́ sórí opó.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè ka òkúta Rollright kó pé. Kí nìdí? (Olùkàwé)

ÈSÌ: Ibẹ̀, ní ààlà Oxfordshire, wọ́n ní àjẹ́ kan sọ ọba àti ọmọ ogun rẹ̀ di òkúta. Ẹni tó bá ka àwọn ọmọ ogun náà lẹ́ẹ̀mẹta tí iye rẹ̀ ò yàtọ̀, ohun tó bá fẹ́ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Aṣebúrẹ́dì kan gbé búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan sórí òkúta kọ̀ọ̀kan kó lè mọ iye. Gbogbo ìgbà ni ọ̀kan ń dín.

Òkúta ẹfun líle tí òjò ti jẹ ní ihò-ihò ni wọ́n, nǹkan bí 77. Èyí tó kán sábẹ́ ilẹ̀ ń yọrí jáde bíi méjì, lọ́dún 1882 wọ́n sì tún gbé èyí tó ti ṣubú dìde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ yan èyí tó ga jù ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ẹ gba ẹ̀yìn agbo, ẹ má gba inú. Ẹ pinnu ṣáájú pé kùkùté tí kò dé orúnkún kò wọlé ìkà, tàbí pé ó wọlé. Kí ẹnì kejì kà á láti òdìkejì, kẹ́ ẹ wá fi wéra. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, nítorí èéhù funfun àti yẹ́lò tó bo òkúta náà ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan níbẹ̀. Lọ́dún 2004 àwọn kan wọ́n ọ̀dà yẹ́lò sí wọn lára lóru, èéhù náà ló sì bà jẹ́ jù.